Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ètò Adarí Kọ̀ǹpútà, Dátábéèsì àti Ìpamọ́ Lítíréṣọ̀ Alohùn Ìkálẹ̀

Iṣẹ́ gbígba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ kò nira mọ́ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì gbòde, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ gba orin ọbìtun sílẹ̀ ní Òkìtìpupa, tàbí tó fẹ́ gbọ́ ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ lẹ́nu àgbà kan ní Ìkòyà, ní láti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kọ́ èjìká, kí ó ra òkúta bátìrì dání, kí ó sì máa ṣọ́ téèpù kí ó má baà wé mọ́ ẹ̀rọ nínú. Lónìí, fóònù kékeré tó wà nínú àpò akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni tó ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tó wá di ìṣòro ni àtirí ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Bí ohùn náà bá gba orí WhatsApp dé ọwọ́ alábòójútó iṣẹ́, orúkọ tí fóònù Android yóò sọ ọ́ kò ju lẹ́tà PTT lọ, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó wọlé, lẹ́tà WA, àti nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí Ìkòyà nínú orúkọ náà, kò sí ọbìtun, kò sí àmì abẹ́nà-ìmọ̀ kankan. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò wo ilé kankan; kàlẹ́ńdà nìkan ló wò.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló máa ń di ẹ̀bi èyí ru akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní àìbìkítà ló fà á. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ ayárabíàṣá gbà ń tọ́jú nǹkan wà lára ohun tó ń sọ iṣẹ́ ìwádìí nù, ọ̀nà náà kì í sì í ṣe àṣẹ tó ti ọ̀run wá. Láti ọdún 1965 ni àwọn onímọ̀ kan ti ń gbìyànjú ọ̀nà mìíràn, èyí tí dátábéèsì yóò fi gba ipò ètò fáìlì tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ìtàn ìgbìyànjú náà, àti bí púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe forí ṣánpọ́n, kan ẹ̀ka Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ.

Ètò adarí ni ètò tó ń ṣàkóso ohun gbogbo tí ẹ̀rọ ayárabíàṣá ń ṣe. Windows, Linux àti Android wà lára wọn. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ibi tí nǹkan wà. Nínú èyí tó wọ́pọ̀, fáìlì máa ń wà nínú fódà, fódà á wà nínú fódà mìíràn, bí ìgbà tí wọ́n kó igbá sínú igbá. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní ojúlé kan ṣoṣo. Ẹni tó bá mọ ojúlé náà yóò débẹ̀ wàrà; ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò máa ṣí igbá kan tẹ̀ lé òmíràn. Fún ìwé owó oṣù tàbí lẹ́tà ìgbìmọ̀, èyí kò burú, nítorí pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ní ju ibi kan tó yẹ kó wà lọ.

Lítíréṣọ̀ alohùn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá gba orin sílẹ̀ níbi ọdún Malòkun ní Òde-Ìrèlè, inú fódà wo ni yóò fi í sí? Orin ni, ó sì lè wà nínú fódà orin. Ọdún ìbílẹ̀ ló bí i, nítorí náà fódà ọdún ìbílẹ̀ náà tọ́ sí i. Ìrèlè ni wọ́n ti kọ ọ́, ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ òkun bá sì jẹ yọ nínú rẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí Olókun káàkiri ilẹ̀ Yorùbá yóò fẹ́ rí i pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ṣe ẹ̀dà orin náà àti àdàkọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú fódà márààrún, ọjọ́ tí wọ́n bá tún ọ̀rọ̀ kan ṣe nínú ọ̀kan, mẹ́rin yòókù yóò wà pẹ̀lú àṣìṣe wọn.

Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ tún le ju èyí lọ. Ìtàn tó so àwọn Ìkálẹ̀ mọ́ Ilé-Ifẹ̀ wà, èyí tó so wọ́n mọ́ Ìbìní náà wà. Eben Sheba gbé irú àwọn èrò wọ̀nyí yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde nínú jọ́nà History in Africa ní 2007. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣẹ̀dá fódà kan fún Ifẹ̀, tó sì ṣẹ̀dá òmíràn fún Ìbìní, ti dá ẹjọ́ kí ó tó gbọ́ tẹnu àgbà tán. Àgbà kan náà lè mẹ́nu ba ìlú méjèèjì láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fódà kò mọ ìyẹn. Ó fẹ́ kí wọ́n yan ọ̀kan.

Àwọn tó ń ṣe ìwé ti mọ ìnira yìí tipẹ́. Nígbà tí Wándé Abímbọ́lá gbé Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968, odù ló fi tò ó. Oyekan Owomoyela, nínú àkójọ òwe Yorùbá tó lé ní 5,000 tó tẹ̀ jáde ní 2005, ìwà àti ìgbé ayé ènìyàn ló fi pín in. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì. Ìwé kò lè tẹ̀ lé ju ètò kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ gbogbo ẹsẹ Ifá tó dárúkọ ọ̀pẹ, tàbí gbogbo òwe tí ìjàpá wà nínú rẹ̀, yóò ka ìwé láti páálí dé páálí, àyàfi bí ẹnì kan bá ti ṣe atọ́ka ohun tó ń wá sí ẹ̀yìn ìwé náà.

Àwọn kan fẹ́ràn láti máa sọ pé Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, nítorí odù 256 tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwúrí ni, ó sì dùn létí, ṣùgbọ́n ó fo kókó kan dá. Ojúlé ni odù jẹ́: babaláwo dá Ifá, odù hù, ó sì mọ ẹsẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Orí babaláwo tó mọṣẹ́ lè gba ọ̀nà mìíràn dé ibi ẹsẹ náà. Àmọ́ ètò odù fúnra rẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan ló ní. Nípa ti èyí, odù súnmọ́ fódà ju dátábéèsì lọ. Kì í ṣe àbùkù fún Ifá. Àwọn tó ń fi ìyìn tí kò bá a mu yìn ín ni kò jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí bí ètò rẹ̀ ti rí gan-an.

Ọmọ Yorùbá kì í ní orúkọ kan. Bàbá sọ ọ́ ní tirẹ̀, ìyá sọ ọ́ ní tirẹ̀, ìyá àgbà mú tirẹ̀ wá tòun ti owó lọ́jọ́ ìkómọ. Èyíkéyìí tí wọ́n bá fi pè é, òun náà ni yóò dáhùn. Ohun tí ètò adarí tó fi dátábéèsì ṣe ètò fáìlì ń lépa nìyí. Ojúlé kan kì í ṣe dandan fún fáìlì mọ́. Àbùdá ló ní: ẹni tó sọ̀rọ̀, ìlú, ọjọ́, ẹ̀yà lítíréṣọ̀, ẹ̀ka-èdè, gígùn ohùn. Ẹ̀rọ yóò ṣe atọ́ka fún àwọn àbùdá wọ̀nyí kí ó má baà máa yẹ gbogbo fáìlì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Olùlò kò ní máa wá fáìlì kiri. Yóò béèrè ni. Yóò ní kí ẹ̀rọ kó gbogbo orin ọbìtun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Ìlútítun tàbí ní Òde-Aye ṣáájú 2015 wá, ẹ̀rọ yóò sì kó wọn wá, ibi yòówù kí wọ́n wà.

Èyí kì í ṣe àlá lásán. Ní 1965, Richard Pick àti Don Nelson, tí wọ́n wà ní ilé-iṣẹ́ TRW ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí iléeṣẹ́ ológun yóò fi máa mójú tó àwọn ẹ̀yà ara hẹlikópítà Cheyenne. Ètò náà dàgbà di ètò adarí tí wọ́n ń pè ní Pick. Kò sí ààlà láàrin fáìlì àti dátábéèsì nínú rẹ̀, àbùdá kan ṣoṣo sì lè gba ìdáhùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó mọ òwe yóò rí ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì: òwe kan lè jẹ́ ti sùúrù, kí ó jẹ́ ti ìgbéyàwó, kí ó sì tún jẹ́ ti ìṣèlú, láì sí pé wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ilé-iṣẹ́ IBM náà gbé System/38 jáde ní 1978, ó sì gbé AS/400 tẹ̀ lé e ní 1988; dátábéèsì wà nínú ètò adarí ẹ̀rọ wọ̀nyí fúnra rẹ̀, kì í ṣe ohun tí oníbàárà ń rà lọ́tọ̀. Àwọn oníṣòwò ńlá ló rà wọ́n. Wọn kò dé ọ̀dọ̀ olùkọ́.

Èyí tó yẹ kí olùkọ́ dúró tì díẹ̀ ni BeOS, ètò adarí ilé-iṣẹ́ Be tí Jean-Louis Gassée wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1990. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ Be ṣe dátábéèsì kan sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì fi fáìlì sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Dátábéèsì yóò máa sọ ìtàn fáìlì. Kò pẹ́ tí ìtàn àti onítàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀ síra: wọ́n á ti pa fáìlì rẹ́, dátábéèsì á ṣì máa ròyìn rẹ̀, wọ́n á yí nǹkan padà nínú fáìlì, dátábéèsì kò ní gbọ́. Láàrin 1996 sí 1997, Dominic Giampaolo àti Cyril Meurillon tún ètò náà ṣe láti ìpìlẹ̀. Wọ́n so àbùdá mọ́ fáìlì lára. Lẹ́tà orí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan di fáìlì tí orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kókó ọ̀rọ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ àbùdá tó lè dáhùn ìbéèrè. Fáìlì tó dúró fún ènìyàn kan, irú èyí tó ń gba ipò ìwé àdírẹ́sì, kì í ní nǹkan kan nínú. Àbùdá ni gbogbo rẹ̀. Bí olùlò bá béèrè ìbéèrè, tí fáìlì tuntun tó bá ìbéèrè náà mu sì wọlé lẹ́yìn náà, yóò fúnra rẹ̀ yọjú sínú ìdáhùn.

Ilé-iṣẹ́ Palm ra ohun ìní Be ní 2001, BeOS sì parí sí ìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ṣì ń bá èrò rẹ̀ lọ nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Haiku. Giampaolo lọ sí Apple, ó sì kópa nínú Spotlight, ẹ̀rọ ìṣàwárí tó bá Mac OS X jáde ní 2005. Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà lára BeOS tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń lo fúláàṣì gbàgbé. Bí wọ́n bá ṣe ẹ̀dà fáìlì sórí dísíìkì tí ètò mìíràn ṣe, tí kò mọ àbùdá, àbùdá yóò já bọ́ lójú ọ̀nà. Fáìlì yóò gúnlẹ̀ níhòòhò.

Microsoft ni gbogbo ayé ń retí pé yóò mú èrò yìí dé orí tábìlì gbogbo ènìyàn. Ní oṣù October 2003, ní Los Angeles, wọ́n fi WinFS han àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí ara Windows tuntun tí wọ́n ń pè ní Longhorn nígbà náà. Orí ètò ìpamọ́ fáìlì àtijọ́ ni wọ́n gbé dátábéèsì lé. Ní August 2004 wọ́n kéde pé WinFS kò ní bá Longhorn jáde mọ́. Ẹ̀dà ìdánwò rẹ̀ wáyé ní August 2005, nígbà tó sì di June 2006 wọ́n sọ pé wọn kò ní gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí odidi ètò mọ́. Ní 2013, nígbà tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ Bill Gates èwo nínú ohun tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò parí ló dùn ún jù, irú ètò yìí ni ó dárúkọ.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lè máa jiyàn lórí bóyá ìlọ́ra ètò náà ló pa á ni tàbí ìṣòro àtibá àwọn ètò àtijọ́ lò pọ̀. Ìbéèrè kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó jẹ́ ti àwọn onímọ̀ èdè ju tiwọn lọ: ta ni yóò pinnu àwọn àbùdá? WinFS ní láti sọ ohun tí ènìyàn jẹ́, ohun tí ìwé jẹ́, àti irú ìbátan tó wà láàrin wọn, kí gbogbo ètò tó wà lórí ẹ̀rọ tó lè sọ èdè kan. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àfikún, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ ya àpótí ni ó máa ń pinnu ohun tí yóò wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà. Ní 1996, Eric Kemp ṣe ọ̀nà kan láti fi àpèjúwe kékeré sí ìdí fáìlì orin MP3: àkọlé, akọrin, àwo orin, ọdún, àti irú orin. Irú orin kò ṣe é kọ. Nọ́ńbà ni wọ́n ń yàn láti inú ìwé àkọsílẹ̀ tó ní irú orin 80. Blues ni nọ́ńbà 0. Kò sí ìjálá níbẹ̀, kò sí ẹkún ìyàwó, kò sí rárà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọbìtun. Nọ́ńbà 48, tí wọ́n pè ní Ethnic, ni ibi tí gbogbo ẹni tí wọn kò mọ̀ lórúkọ lè wọ̀ sí. Lábẹ́ irú àpótí bẹ́ẹ̀, ọbìtun àti ìjálá di ohun kan náà. Olùkọ́ tó ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀yà lítíréṣọ̀ alohùn mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Àwọn kan yóò sọ pé àríyànjiyàn yìí ti di ti àná, nítorí pé dátábéèsì ti gba ẹ̀yìn wọlé. Wọn kò ṣìnà. Lórí fóònù, ẹni tó ń wo àwòrán kì í ronú kan fódà mọ́. Ọjọ́ àti ibi ni fóònù fi ń tò wọ́n. Dátábéèsì kékeré tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ SQLite, tí D. Richard Hipp bẹ̀rẹ̀ ní 2000, wà nínú fóònù Android àti iPhone gbogbo, òun náà sì ni WhatsApp fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń kọ síra wọn. Àgbẹ̀ ọ̀pẹ tó ń fi fóònù ṣọ̀rọ̀ ní Òkìtìpupa ń lo dátábéèsì lójoojúmọ́ láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí dátábéèsì fóònù mọ̀ ni ohun tí ẹ̀rọ lè wò fúnra rẹ̀: aago, ibùdó, nọ́ńbà ẹni tó fi ránṣẹ́. Pé orin náà jẹ́ ti ọbìtun, pé àgbà náà ń fi ọ̀rọ̀ gún ẹnì kan lára nínú ẹsẹ kejì, ènìyàn ló gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn.

Bí ènìyàn bá sì sọ ọ́, ìnira àkọtọ́ tún ń dúró dè é. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìsí àmì ohùn, ìbéèrè nípa ọkọ̀ ojú omi yóò kó ìtàn ọkọ àti ìyàwó wá. Èyí tó fi àmì sí i pàápàá kò tíì bọ́. Nínú ètò Unicode, tí gbogbo ẹ̀rọ òde òní fi ń kọ lẹ́tà, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ tó gbé àmì ohùn òkè lórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àpapọ̀ ni. Ẹnì kan lè kọ ọ kí ó tó fi àmì ohùn lé e. Ẹlòmíràn lè kọ ó kí ó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú, wọn kò yàtọ̀. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ méjì ni. Ètò ìpamọ́ HFS+ ti Apple máa ń sọ gbogbo orúkọ fáìlì di irú kan kí ó tó tọ́jú wọn. NTFS ti Windows kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ ló ń gbà á. Nítorí náà fáìlì méjì lè wà nínú fódà kan, kí orúkọ wọn jọra délẹ̀ tàmìtàmì, kí ìṣàwárí sì rí ọ̀kan láìrí èkejì. Àwọn tó ń fi àmì ohùn ṣeré nínú kíláàsì, tí wọ́n ní òǹkàwé yóò ṣáà mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn, kò mọ̀ pé òǹkàwé àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ wọn báyìí ni ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kì í sì í mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná náà kò ṣe é fò dá. Àwọn ìlú gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Òkìtìpupa wà lára wọn, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 2010 láìrí iná ìjọba lò, jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sì gbójú lé. Ẹ̀rọ tó kú lójijì láàrin iṣẹ́ lè ba atọ́ka jẹ́. Nítorí èyí ni ètò bíi ti BeOS ṣe máa ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sínú àkọsílẹ̀ kan kí ó tó ṣe é. Bí iná bá lọ, tí ó tún dé, ẹ̀rọ yóò ka àkọsílẹ̀ náà, yóò sì parí ohun tó kù. Ìyẹn ń gba ètò àwọn fáìlì là. Kò lè gba dísíìkì tó jóná là. Ẹ̀ka tó bá kó gbogbo iṣẹ́ ọdún ogún sínú dátábéèsì kan, lórí ẹ̀rọ kan, nínú yàrá kan, ti fi gbogbo ẹyin sábẹ́ adìyẹ kan.

Kí ni ó wá yẹ ní ṣíṣe? Ìdáhùn tó rọrùn ni kí wọ́n máa dúró de ètò adarí tí yóò mọ ọbìtun yàtọ̀ sí ìjálá. Ọdún mélòó ni Pick, Be àti Microsoft fi gbìyànjú? Ìdáhùn kejì, tó wọ́pọ̀ ní àwọn ẹ̀ka, ni kí wọ́n ṣí ìwé ńlá kan tàbí tábìlì kan lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n máa kọ orúkọ àwọn àgbàsílẹ̀ ohùn sí i. Ó sàn ju kí ó má sí lọ, ṣùgbọ́n àṣìṣe tí àwọn oníṣẹ́ Be ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ni: ìtàn wà níbì kan, onítàn wà níbòmíràn. Ọjọ́ tí ọ̀gá tó ń tọ́jú ìwé náà bá fẹ̀yìn tì, wọ́n á pín yà.

Àpèjúwe gbọ́dọ̀ wà lára ohun náà, kí ó sì jẹ́ irú èyí tí kò lè já bọ́ bí ó bá gba orí fúláàṣì tàbí WhatsApp kọjá. Fún àgbàsílẹ̀ ohùn, ọ̀nà kan wà tí kò gba owó, kò sì gba iná. Kí abẹ́nà-ìmọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ: òní ọjọ́ báyìí, oṣù báyìí, ọdún báyìí, Òde-Ìrèlè ni èyí, ní àdúgbò báyìí, ẹni tó fẹ́ kọrin rèé, iṣẹ́ rẹ̀ rèé, ìlú tí wọ́n bí i rèé, orin ọdún Malòkun ni, ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ ni yóò fi kọ ọ́. Ìṣẹ́jú kan kò tán níbẹ̀. Orúkọ fáìlì lè yí padà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ètò adarí lè kú kí òmíràn sì dìde, àpèjúwe náà yóò wà níwájú orin nígbà gbogbo tí wọ́n bá ti gbọ́ orin. Lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe dátábéèsì fún ẹ̀ka yóò rí ohun tí yóò fi kún un. Yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi orúkọ Olúṣẹ́gun Àgágù sọ wà ní Òkìtìpupa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ayárabíàṣá níbẹ̀ lè ṣe irú iṣẹ́ yìí bí àwọn olùkọ́ Yorùbá bá lè sọ fún un pàtó àwọn àbùdá tí wọ́n fẹ́.

Àbùdá kan wà tí kò gbọ́dọ̀ ṣaláìsí láàrin wọn, òun sì ni àwọn ètò òkè òkun kì í rántí: ta ni ó lè gbọ́ ọ? Kì í ṣe gbogbo orin ọdún ni ó wà fún etí gbogbo ènìyàn. Àgbà tó gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbọ́ nǹkan lẹ́nu òun nítorí pé ó mọ bàbá rẹ̀ lè má gbà kí ó dé orí ìtàkùn àgbáyé. Nínú fódà, ohùn méjèèjì wà pọ̀, ẹni tó bá ṣí igbá rí gbogbo rẹ̀. Nínú dátábéèsì, ìyọ̀ǹda lè jẹ́ àbùdá bí ọjọ́ àti ìlú ti jẹ́ àbùdá, tí ẹ̀rọ yóò máa wò kí ó tó dáhùn. Kí wọ́n béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àgbà náà nígbà tí ẹ̀rọ ń gba ohùn lọ́wọ́, kí ìdáhùn rẹ̀ sì wà ní ohùn rẹ̀.

Iṣẹ́ àwọn àbùdá yìí tó ohun tí kọ́ọ̀sì lítíréṣọ̀ alohùn fún NCE lè gbà wọlé. Ọ̀sẹ̀ méjì tó fún un, ju bẹ́ẹ̀ lọ kò pọn dandan. Kí olùkọ́ gbé orin kan kalẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ ogún kọ àbùdá rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n wá fi wéra. Ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀ síra ni ẹ̀kọ́ wà. Àbùdá tí yóò dá ìjà sílẹ̀ jù ni ẹ̀ka-èdè. Nínú àkójọ àmì èdè àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 639-3, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ gbójú lé, Ìṣẹ́kírì ní àmì tirẹ̀, ìyẹn its, nígbà tí gbogbo ẹ̀ka-èdè Yorùbá, ti Ìkálẹ̀, ti Ìlàjẹ, ti Oǹdó àti ti Ọ̀yọ́, wà lábẹ́ yor kan ṣoṣo. Ìró tí wọ́n ń kọ ní gh, tí ń gba ipò w lẹ́nu àwọn ará ìlà-oòrùn gúúsù, bí àwọn ará Ọ̀wọ̀ ti ń pe ìlú wọn ní Ọ̀ghọ̀, kò hàn nínú àmì náà. Bí ẹ̀rọ bá béèrè èdè, Yorùbá ni yóò rí kọ. Ẹ̀ka Yorùbá fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu ohun tí wọn yóò kọ sí ìlà tó tẹ̀ lé e: bóyá Ìkálẹ̀ nìkan ti tó, tàbí kí wọ́n kọ Ìkálẹ̀ ti Ìrèlè lọ́tọ̀, kí wọ́n kọ ti Ìkòyà lọ́tọ̀. Àwọn tó mọ ìyàtọ̀ náà ṣì wà láàyè, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní fóònù.